Ẹni Tó Kan Ọkọ̀ Ni Kó Kọ́kọ́ Wọ̀ Ọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń yà kí mi lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ ń béèrè iṣẹ́ tó dáa kí ènìyàn yàn láàyò, ẹ ti dààmú mi tó. Bí mo bá ní kí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sì ní kí ẹ lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, irọ́ ni mo pa, torí n kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ síbí. Ọkọ̀ ojú omi ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kàn, láti etí ọ̀sà Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, kò sì sí ọmọ tí mo bí tí kò jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Mo ti darúgbó báyìí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìyàwó mi ní ẹnu mi nìkan ni kò tíì fẹ̀yìn tì.

Bí mo ṣe débi iṣẹ́ kò gùn ún sọ. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó sì máa ń lé orin nínú ìjọ. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà tí kò sí ọ̀nà láti tẹ̀ síwájú, ó mú mi lọ bá Bàbá Jeremáyà, alàgbà kan nínú ìjọ wa, tó ń kan ọkọ̀ létí ọ̀sà. Àwọn ọdún 1950 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n jọ fẹnu kò sí, wọ́n fi àdúrà tì í, bàbá mi sì lọ sóko rẹ̀.

Ènìyàn kúkúrú ni ọ̀gá mi, ó dúdú, kì í pariwo. Àwọn ọ̀gá mìíràn létí ọ̀sà máa ń na ọmọ iṣẹ́, tiwa kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé ara tù wá. Ojú ló fi ń nà wá. Bí ó bá wo iṣẹ́ rẹ, tó mí kanlẹ̀, tó sì kọjá lọ láìsọ nǹkan kan, wàá fẹ́ kó kúkú lù ọ́.

Odidi ọdún kan ni mo fi ń gbálẹ̀, tí mò ń ṣa ìṣó tó tẹ̀, tí mò ń fi òòlù tọ́ wọn lórí òkúta. Ìyà ni mo pè é. Mo tilẹ̀ lọ bá bàbá mi lóko, mo sọ fún un pé mo ti kọ́ iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ yanjú, kí ó wá mú mi lọ sílé. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Ó ní tí mo bá ti jẹun kí n máa padà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́dún kejì ni ọ̀gá jẹ́ kí n fọwọ́ kan pákó. Yóò ní kí n di ojú, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ tọ pákó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n sọ ohun tí mo bá bá pàdé. Ohun tó ń wá ni ojú igi. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ igi, ibi tí ẹ̀ka ti yọ lára igi nígbà tó wà láàyè ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti la igi náà sí pákó, ẹ ó rí i, ó rí roboto, ó dúdú ju ibi yòókù lọ. Ó le, ó sì dára ní wíwò, ṣùgbọ́n kò bá pákó ṣọ̀rẹ́. Bí pákó ṣe ń gbẹ ni yóò máa yọra díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan tí yóò jábọ́ tí yóò sì fi ihò sílẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀gá mi ṣe fi òfin lélẹ̀ pé pákó tó bá ti ní ojú igi kò gbọdọ̀ sí nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ìjókòó ni kí a fi ṣe.

Nígbà kan, mo kan ìṣó kan wọ́. Ìṣó kan ṣoṣo. Ó ní kí n tú gbogbo pákó náà, kí n tún un kàn, kí n sì bẹ igi. Mo rò pé ó ń ṣeré ni.

Ó ní, “Bẹ̀ ẹ́. Ó dúró jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ nínú igbó kó tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún pákó, tí mo ní kó má bínú. Ìyàwó ọ̀gá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà n kò kan ìṣó wọ́ mọ́, mo sì gbà báyìí pé ẹni tí kò bá lè bẹ igi, kò ní lè bẹ ìyàwó rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá parí, a ó dojú rẹ̀ dé, a ó fi ẹní àti àpò dí abẹ́ rẹ̀ yíká kí inú rẹ̀ lè ṣókùnkùn. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn bá mú jù, ọ̀gá á ra wọ abẹ́ rẹ̀, á máa wá ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọlé, omi náà á wọlé. A ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga, “Ibí. Ibí náà.” Ibi tó bá fọwọ́ gbá ni a ó fi òwú àti ọ̀dà dúdú dí.

Èyí tó kù ni ohun tí kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é létí ọ̀sà. Kò sí ọkọ̀ tó ń kúrò lọ́dọ̀ wa kí ẹni tó kàn án má kọ́kọ́ kó ìyàwó àti ọmọ tirẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n jọ gbé e dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ọ̀gá mi ní ẹni tó kan ọkọ̀ ìkún-omi láyé àtijọ́, ará ilé tirẹ̀ ló kó sínú rẹ̀. Ó ní, “Bí o kò bá lè gbé ọmọ rẹ sí i, má gbé e fún ọlọ́mọ.”

Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé Màmá bẹ̀rù omi ju ológbò lọ. Abúlé kan lápá òkè Rẹ́mọ ni wọ́n ti bí i, níbi tí omi kò ti ju ti ìkòkò lọ, kò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ kàn ló wọ̀. Á jókòó sáàárín, á di ojú, kò sì ní là á títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé ẹ̀rù kì í bà á ni.

Ó ní, “Ó ń bà mí, o ò rí i ni? Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé omi, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé igi. Ẹni tó kàn án ni mo mọ̀.”

Inú ilé wọn ni mò ń gbé, nítorí náà mo rí bí ọ̀gá mi ṣe ń ṣe bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtigbéyàwó, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Débórà ni orúkọ àbígbẹ̀yìn wọn, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà nílé ọkọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, bàbá rẹ̀ bá a wí gidigidi nítorí àwo kan tó fọ́. Kò pẹ́ tí a fi mọ̀ pé ewúrẹ́ ló fọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, nígbà àdúrà ilé, kí a tó kọrin, ọ̀gá mi dìde dúró. Ó ní, “Débórà, mo bá ọ wí láìṣẹ̀. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.” Iwájú gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ ló ti sọ ọ́. Ọmọ náà mi orí, ó ń bá àkàrà rẹ̀ lọ.

Mo rò pé ayé ti bàjẹ́. Nílé tiwa, bàbá kì í jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ̀bi, òjò ló fà á. Mo retí pé iyì ọ̀gá mi á dínkù lójú wa, ṣùgbọ́n ńṣe ni a túbọ̀ ń bẹ̀rù àtijá a kulẹ̀. Nígbà tí èmi náà di bàbá, mo gbìyànjú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa bẹ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ìgbà kejì rọrùn. Àwọn ọmọ mi kò tìtorí rẹ̀ yájú sí mi, wọ́n kàn mọ̀ pé bí mo bá ní àwọn jẹ̀bi, àwọn jẹ̀bi lóòótọ́ ni.

Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé tí mo gba òmìnira iṣẹ́, n kò lọ. Mo dúró sọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mò ń kan ọkọ̀ tèmi nínú ọgbà rẹ̀. Ìgbà náà ni mo pàdé Muníràtù, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tó máa ń bá ìyá rẹ̀ kó ẹja yíyan wá sọ́jà wa. Ilé Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni ilé wọn, láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wọn ti ti Èkó ṣí wá sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo lọ fojú hàn, bàbá rẹ̀, Bàbá Bùráímọ̀, wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Káfíńtà onígbàgbọ́.” Ó dúró síbẹ̀, kò fi kún un. Nígbà tó rí i pé ọmọ òun ti pinnu, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì yẹn kò kúrò létí mi.

Muníràtù kò fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀, n kò sì fi tèmi sílẹ̀. Títí di òní, bí ó bá kírun àárọ̀ tán, á wá jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń ka Ìwé Mímọ́, á sì máa sọ fún mi ibi tí mo fò. Ọmọ márùn-ún la bí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀ nílé wa tó bí ọ̀rọ̀ iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe dá a sílẹ̀.

Kí n sọ ti irinṣẹ́ níbí kí n má baà gbàgbé, torí ibi tí mo fẹ́ parí sí kì í ṣe ibẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin méjì ló ń la ìtì igi, ọ̀kan nínú kòtò, ọ̀kan lókè, ayùn gígùn láàárín wọn, ẹni ìsàlẹ̀ á sì máa jẹ ìyẹ̀fun igi bí ẹni jẹ gaàrí. Lẹ́yìn náà ni ilé ìlagi dé, pákó wá gún régé. Ìgbòkun aṣọ la fi ń rìn tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì dé, a ní láti máa kan ìdí ọkọ̀ kó nípọn kó lè gbà á. Ìfági oníná dé, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Níkẹyìn ni fáíbà dé, ọkọ̀ tí wọ́n ń dà bí ẹni da mọ́ínmọ́ín sínú agolo, títì náà sì ti kó èrò kúrò lójú omi. N kò bá ìkankan nínú wọn jà. Mo ra ìfági oníná, mo lò ó títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀rọ tó ń di ojú kó fi ọwọ́ tọ pákó.

Gbogbo ọkọ̀ tí mo kàn láyé mi, ìyàwó àti ọmọ mi ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Àbígbẹ̀yìn mi wọ ọ̀kan kó tó mọ ìrìn. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí, àfi ẹyọ kan. Ti ẹyọ kan yẹn gan-an ló mú mi gbé kálàmù.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira. Tìmótì, àkọ́bí wa, kò tíì pé ọdún kan. Bàbá Bùráímọ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Ẹ̀pẹ́ pé òun fẹ́ ọkọ̀ ńlá kan, kí ó wà nílẹ̀ kí Iléyá tó dé, kí òun lè fi kó ẹbí òun tó wà káàkiri etí ọ̀sà wálé ṣọdún. Ẹni tó ní káfíńtà onígbàgbọ́ ló gbé iṣẹ́ wá fún mi. Orí mi wú. Mo sọ ọ́ fún gbogbo etí ọ̀sà, mo dá ọjọ́ fún un, n kò sì béèrè lọ́wọ́ òjò.

Òjò ọdún yẹn kò jẹ́ kí pákó gbẹ. Mo kan ọkọ̀ náà dé ibi pákó ìsàlẹ̀ tó kẹ́yìn, ó wá ku ọjọ́ mélòó kan sí Iléyá. Pákó kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀ tó gùn tó, kò tíì gbẹ dáadáa, ó sì ní ojú igi kan tí kò ju kọ́bọ̀ lọ. Mo wò ó títí. Bí mo bá dúró de pákó mìíràn, ọdún á kọjá, àna mi á sì ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kan pákó náà mọ́ ọn. Mo yọ́ ọ̀dà, mo fi kun ojú igi náà nínú àti lóde, mo bu ìyẹ̀fun igi lé e lórí títí kò fi hàn mọ́.

Nígbà tí ọ̀gá mi wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wá ìmọ́lẹ̀, kò rí ohunkóhun, torí ọ̀dà kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Kò fọwọ́ tọ àwọn pákó náà wò. Iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ ló máa ń tọ wò bẹ́ẹ̀, èmi ti di ọ̀gá. Ó jáde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó ní, “O ṣeun.” Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti ń retí kó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ọjọ́ tí kò tọ́ sí mi ni mo gbọ́ ọ.

A gbé ọkọ̀ náà sómi. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀ láìkó ẹrù, kò jò. Mo sọ fún ara mi pé ó ti bọ́ sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, Muníràtù ti wẹ Tìmótì, ó ti pọ̀n ọ́n, ó ń dúró dè mí. Mo wo ọmọ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọkàn mi ní kò séwu, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti gbéra. Mo sọ fún un pé ọ̀gá ní afẹ́fẹ́ ojú omi le lónìí, kí òun àti ọmọ dúró sílé. Nígbà tí mo dé etí ọ̀sà, mo sọ fún ọ̀gá pé ara Tìmótì gbóná, ìyá rẹ̀ kò lè wá. Irọ́ méjì kí n tó jẹun àárọ̀. Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú.

Ọ̀gá mi ní, “Pẹ̀lẹ́. Olúwa á wò ó sàn.” Ó ronú díẹ̀, ó yíjú sílé, ó pe Màmá àti Débórà. Ó ní, “Ọmọ wa ni ìwọ náà. Ará ilé rẹ ni wá. Àwa la máa bá ọ wọ̀ ọ́.”

Màmá kò jiyàn. Ó fún gèlè rẹ̀ le, ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sáàárín, ó di ojú. Débórà, tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó síwájú rẹ̀, ó ń ki ọwọ́ bọ omi. Ọ̀gá mi wọlé, èmi náà wọlé, àwọn atukọ̀ méjì sì tì í kúrò ní èbúté. Mo lè la ẹnu nígbà náà. Mo lè là á nígbà tí a ṣì ń rí ilé lókèèrè. N kò là á. Ẹ̀yin ọmọ, n kò ní sọ fún yín pé èṣù ló dí mi lẹ́nu. Ìtìjú ni.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ìjẹdé nígbà tí afẹ́fẹ́ dìde lóòótọ́, tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ibi tí mo mọ̀ pé ojú igi náà wà ni mo jókòó sí, mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ó dún pó, bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìgò, omi sì tú yàà sí mi lẹ́sẹ̀.

Ọ̀gá mi gbá igbá mú, ó ń gbọ́n omi, ó sì ń gbàdúrà sókè. Màmá la ojú rẹ̀, ó wò ó díẹ̀. Ó ní, “Bàbá Débórà, ẹ jẹ́ kí n máa gbàdúrà, kí ẹ̀yin máa gbọ́n omi. Ẹ ò lè ṣe méjèèjì kó yọrí.” Bí ikú ṣe sún mọ́ wa tó, ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ rẹ́rìn-ín. Màmá tú gèlè rẹ̀, ó jù ú sí mi, mo kì í bọ ihò náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé pákó náà kò gbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣó kò dì í mú mọ́. Bí mo ṣe ń dí ihò ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń là.

Àwọn atukọ̀ yí orí ọkọ̀ sí Ìjẹdé. Ó ku díẹ̀ kí a gúnlẹ̀ ni ọkọ̀ dojú dé. Nígbà tí mo yọ orí jáde, mo rí ọ̀gá mi tó di Màmá mú, omi mù wọ́n dé àyà. Mo rí àwọn atukọ̀. N kò rí Débórà.

Mo mòòkùn wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo ń fọwọ́ wá a kiri nínú òkùnkùn títí ọwọ́ mi fi ba irun rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ló há mọ́ ìjókòó. Mo fà á ya, mo gbé e jáde, kò mí. Mo dojú rẹ̀ dé lé èjìká, mò ń sáré nínú omi, mò ń gbá a lẹ́yìn, mò ń wí pé, “Olúwa, èmi ni. Kì í ṣe òun. Èmi ni.” Orí iyanrìn ni ó ti wúkọ́, ó bi omi, ó sì bú sẹ́kún. N kò tíì gbọ́ orin ìsìn kan láyé mi tó dùn mọ́ mi tó ẹkún yẹn.

Àwọn apẹja Ìjẹdé fa ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ fún wa, wọ́n dá iná. Ọ̀gá mi lọ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó fi ìka sínú ihò náà, ó fi tọ etí rẹ̀ yíká. Ó mọ ohun tó jẹ́. Ó padà wá bá mi.

Ó ní, “Ṣé o mọ̀?”

“Mo mọ̀, sà.”

“Tìmótì ńkọ́?”

“Ara rẹ̀ yá, sà.”

Ó mí kanlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn, mò ń retí ohun tó máa sọ. Mo fẹ́ kó lù mí. Ó ní, “Dìde. Ìyá rẹ ń gbọ̀n, lọ wá aṣọ gbígbẹ fún un.”

Nígbà tí mo délé, mo sọ òótọ́ fún Muníràtù. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ fẹ́ràn wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ló gbẹ̀bí Tìmótì. Ojú wo ni kí n wá fi wò wọ́n?” Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó lọ sílé ọ̀gá mi, ó fi ọ̀sẹ̀ kan tọ́jú Débórà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ ju pé oúnjẹ wà nílẹ̀.

Ọ̀gá mi ní kí n lọ sọ fún àna mi fúnra mi, kí n má rán ẹnikẹ́ni. Iléyá ku ọ̀la nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́. Àgbò wà ní ìdè lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọdé ń já koríko fún un. Bàbá Bùráímọ̀ ti gbọ́ pé ọkọ̀ dànù, kò gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ó ní, “Ṣé ọmọ mi wà nínú rẹ̀?”

“Rárá, sà.”

“Kí ló dé?”

Mo sọ fún un. Ó yíjú sí àgbò náà. Ó ní, “O fi ọmọ mi pamọ́ sílé, o wá ń gbé ọkọ̀ náà bọ̀ fún èmi àti ìyá rẹ̀.”

N kò tíì rò ó dé ibẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, ó ní, “Ẹni tó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí, ó ṣì lè kan ọkọ̀ fún mi. Lọ tún un kàn. Iléyá á tún dé lọ́dún tó ń bọ̀.” Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́ nítorí ọ̀wọ̀ rẹ̀, n kò mọ bó ṣe rí lẹ́nu.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi tún ọkọ̀ náà kàn. Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, pákó ti gbẹ. Mo di ojú, mo fi ọwọ́ tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá. Nígbà tó tó àsìkò àtiwá ìmọ́lẹ̀, mo lọ pe ọ̀gá mi. Ó ní kí èmi wọ̀ ọ́. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ náà láti ọ̀sán títí oòrùn fi ń rọ̀, ojú ń ro mí, n kò rí nǹkan kan, mo tún wá a lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ tí a máa gbé e lọ, Muníràtù ti dé èbúté ṣáájú mi. Ó ti jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú Tìmótì lẹ́sẹ̀ kí n tó la ẹnu. Mo ń tú okùn nígbà tí mo rí Màmá tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ilé, ó fa Débórà lọ́wọ́, ọ̀gá mi ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Mo rò pé wọ́n wá dágbére fún wa ni. N kò pè wọ́n. Kò sí ẹnu tí mo lè fi pè wọ́n.

Màmá dé etí omi, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ní, “Níbo ló ti là nígbà yẹn?”

Mo fi hàn án. Ó gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó jókòó síbẹ̀ gan-an, ó mú Débórà jókòó tì í.

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kò pọn dandan.”

Ó ní, “Ọ̀gá ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn pé ará ilé ẹ ni wá. Àbí o ti lé wa jáde ni?”

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù lórí ìdáríjì. Mo mọ̀ ọ́n sórí, mo tilẹ̀ ti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i, ó jókòó sórí pákó mi. Mo tú okùn tó kù.

Màmá ti di ojú. Ó ní, “Tì í, ọmọ mi.” Mo tì í.